Ó Mọ̀ Pé Ríìmù Náà Ti Sán

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́, má tíì ká a sápò. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń yìn, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ fún wákàtí kan.

Kẹ̀kẹ́ ni ọkùnrin náà ń tún ṣe. Má-yẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí pé àgbá kẹ̀kẹ́ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tò, tààrà ló ń yí, kì í yẹ̀ sọ́tùn-ún, kì í yẹ̀ sósì. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gíríìsì ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di dúdú, o ò sì lè wọlé láìjẹ́ pé orí rẹ kan táyà kan.

Ní ojúlé kẹta sí i ni télọ̀ kan wà. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì. Má-yẹ̀ fi ọdún mẹ́jọ ju Télọ̀ lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni Télọ̀ ń pè é.

Má-yẹ̀ ló dá a lábàá. "Àbúrò, jẹ́ ká gun kẹ̀kẹ́ la ayé kọjá."

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí? Èmi tí mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó gun kẹ̀kẹ́ dé ọjà?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi múra. Wọ́n lẹ àwòrán ayé mọ́ ògiri, wọ́n fi òwú pupa ṣàmì ọ̀nà: apá ayé mẹ́ta, ẹnubodè mẹ́tàdínlógún, àti òkun kan tí ọkọ̀ ojú omi máa gbé wọn kọjá. Télọ̀ rán àpò tí òjò kò lè wọ̀. Má-yẹ̀ to àgbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ń di iyanrìn sínú àpò, wọ́n ń gùn ún yípo àdúgbò láràárọ̀ kí ara wọn lè mọ́ ẹrù, àwọn èèyàn sì ń pariwo lẹ́yìn wọn pé, "Ẹ kú ìrìn àjò o! Ẹ bá wa kí àwọn ará ìkọ̀rọ̀ yẹn!"

Ìyàwó Télọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin lẹ mọ kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ yín ni mo fi ọkọ mi sí."

Má-yẹ̀ ní, "Fọkàn balẹ̀. Bí ọmọ ìyá mi ló ṣe rí."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi gùn ún láìsí ewu. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ la iyanrìn aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n sùn sí ilé àwọn tí wọn kò gbọ́ èdè wọn. Láràárọ̀, kí wọ́n tó gbéra, Má-yẹ̀ máa ń fi ìka tọ ríìmù kọ̀ọ̀kan yípo, ìyẹn irin róbótó tí táyà ń jókòó lé. Kì í gbàgbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lórí òkè ńlá kan, ìka rẹ̀ kan nǹkan. Ríìmù iwájú kẹ̀kẹ́ Télọ̀ ni. Ojú sísán náà tinrín bí irun orí.

Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà fún ọjọ́ méjì sí ìlú tí wọ́n ti kọjá, kí wọ́n lọ ra tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn ará òkè ti sọ fún wọn pé, kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta sí i, yìnyín á ti dí ọ̀nà. Bó bá ti dí, ó di oṣù márùn-ún kó tó ṣí. Ìrìn àjò náà á parí síbẹ̀. Wọ́n á padà sílé, àdúgbò á sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó fi gíríìsì díẹ̀ pa ojú ibi tó sán.

Télọ̀ ń wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan. Gùn ún."

Níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́, ríìmù náà là sí méjì. Télọ̀ fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Itan rẹ̀ kán, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Bí àwọn onímọ́tò ṣe ń gbé e wọkọ̀, Má-yẹ̀ sọ ríìmù náà sínú àfonífojì. Ó ní òkúta ló wà lọ́nà.

Ọjọ́ méjì ló fi jókòó tì í nílé ìwòsàn. Télọ̀ ní, "Ẹ máa lọ, Ẹ̀gbọ́n, kí ọ̀nà tó dí. Ẹ bá wa parí ẹ̀." Ó sì lọ. Ó lọ!

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó dé etí òkun tó gbẹ̀yìn, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú omi, ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Nígbà tó délé, wọ́n ń pè é lọ sí ilé ìwé láti wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá béèrè Télọ̀, á ní, "Òkúta ni." Nígbà tó yá, ó ní, "Òkúta ni, ó sì ń sáré jù." Nígbà tó tún yá, ó ní, "Mo sọ fún un kó má sáré."

Bí irọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ń dàgbà lẹ́nu ẹni.

Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò gbà. Tó bá ti tọ ríìmù yípo tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan wà tó tú lẹ́ẹ̀mẹta tó sì tún tò lẹ́ẹ̀mẹta, títí oníbàárà fi kígbe pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ mi ṣaya ni? Ẹ gbé e fún mi, mo ń lọ!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Má-yẹ̀ nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti fi bàálù gbé Télọ̀ wálé ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, ọwọ́ kan ló fi ń yí i, tó ń fi ọwọ́ kan darí aṣọ. Má-yẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé kó má bàa rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Télọ̀ fúnra rẹ̀ wá. Ó rọra jókòó sórí àpótí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń sá fún mi bí ẹni pé mo fẹ́ já ìyàwó yín gbà."

"Iṣẹ́ ló pọ̀, Àbúrò."

Télọ̀ ní, "Mo wá sọ̀rọ̀ Jésù fún yín. Nílé ìwòsàn tí ẹ fi mí sí, ẹnì kan tó gbọ́ èdè wa ń wá sọ ọ́ fún mi. Ó ní Jésù gbé ẹ̀bi wa rù, kì í ṣe pé wọ́n tàn án, ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e ni. Mo gbà á gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ayé mi yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi ò jalè, mi ò pa èèyàn."

Ó yíjú sí kẹ̀kẹ́ tó ń tún ṣe.

Télọ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Kí n tó wàásù jù, ẹ forí jì mí."

"Kí lo ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ sọ fún mi kí n má sáré. Mi ò rántí, mo forí sọlẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ rí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìrìn àjò yín jẹ́. Ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí títí di òní, ó ní aláìnírònú ni mí. Ó tọ́ sí mi. Àmọ́ ẹ̀yin, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Má-yẹ̀ la ẹnu. Kó kàn sọ pé òun ti forí jì í, ọ̀rọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Mo ní, ó kù díẹ̀!

Ṣùgbọ́n ó wo ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, tó ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, tó tún ń bẹ̀bẹ̀ lé e lórí. Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kò sí òkúta. Ìwọ ò sì sáré. Ríìmù ló ti sán. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀."

Télọ̀ ń wò ó. "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ní kí n gùn ún?"

Télọ̀ na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, kò bà á, ó tún nà á. Ó dìde, ó jáde. Kò dágbére.

Má-yẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà. Kò mọ àdúrà gbà. Ó ní, "Jésù, ọ̀rẹ́ mi ru ẹ̀bi mi, kò mọ̀. Wọ́n ní ìwọ mọ̀, o sì gbé e. Èmi ni mo ṣe é. Gbà mí." Ó sunkún títí ọrùn fi ń dùn ún.

Kò gbọ́ ohùn kankan láti òkè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó dìde, ojú títì ló gbà, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ilé Télọ̀ ló lọ tààrà. Ìyàwó Télọ̀ ń ká aṣọ, Télọ̀ sì jókòó nítòsí rẹ̀. Má-yẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ó lé lọ́dún kan! Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń pe ọkọ mi ní aláìnírònú!" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún Má-yẹ̀ pé, "Ẹ̀yin, ẹ kúrò lójú mi."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, Má-yẹ̀ dúró nínú ilé ìjọsìn, ó sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Àwọn kan pòṣé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà náà ni Télọ̀ dìde lẹ́yìn pátápátá, ó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀pá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ yẹn ni ìbínú ti fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n Ẹni tó dárí jì mí ò jẹ́ kí n sinmi. Mo ti forí jì yín. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò tíì gbọ́." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ojú.

Ìyàwó Télọ̀ kò tíì máa kí i dáadáa. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Àwọn oníbàárà kan kò sì padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn Má-yẹ̀ balẹ̀.

Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń bi ọ́, torí mi ò sàn jù ọ́ lọ. Ta ló ń jẹ ẹ̀bi ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe? Ta ni wọ́n ń bú lórí ohun tí ìwọ nìkan mọ̀? Èèyàn lè máa yìn ọ́. Ọlọ́run ti rí i, síbẹ̀ ó rán Ọmọ rẹ̀ wá kú nítorí tìrẹ.

Má dúró di ọ̀la. Ibi tó o jókòó sí yẹn náà ti tó. O ò nílò ọ̀rọ̀ dídùn. Ṣáà sọ fún Jésù pé, "Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é." Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ sọ ọ́ fún ẹni tó o ṣẹ̀.