Ta Ló Ní Kí O Bá Bàbá Mi Dúpẹ́?

Ìjà ni Moróunkẹ́ bá dé ọ́fíìsì Gbádérọ̀ ní Dùgbẹ̀.

"Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ nínú sinimá títì tuntun yẹn?"

"Èmi ni. Ẹ káàárọ̀ ná."

"Má kí mi! Ta ló ní kí o bá bàbá mi dúpẹ́?"

Gbádérọ̀ ò mọ ohun tó ń wí. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ìjọba, àwọn kan á gbé kámẹ́rà lọ ya àwòrán láìgba ohùn, àwọn ọ̀gá á jókòó sí ọ́fíìsì kọ ọ̀rọ̀ tó wù wọ́n, Gbádérọ̀ á sì wọ yàrá kótópó kan lọ kà á. Láti ayé òyìnbó ni mọ́tò sinimá wọn ti ń káàkiri, tó ń kọ́ ará oko bí wọ́n ṣe ń sá kòkó àti ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó wúlò, a ò ní purọ́. Àmọ́ ìjọba ló ń ra epo sí i, ìjọba náà ló sì ń sọ ohun tó máa wí.

Lọ́dún 1984, wọ́n ń fẹ títì ní àdúgbò Challenge. Katakata wó ilé bàbá Moróunkẹ́, Bàbá Ògúntúndé, kápẹ́ńtà ará Ṣakí tó fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ́ ilé kan ṣoṣo. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi ìjọba sun Ọlọ́run, kámẹ́rà sì ya àwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí sinimá jáde, ọwọ́ Bàbá ṣì wà lókè, ṣùgbọ́n ohùn dídùn kan ń sọ pé: "Ẹ wo bàbá yìí bó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba!"

Àwọn aládùúgbò tí wọ́n wó ilé tiwọn náà ò kí Bàbá mọ́. Wọ́n ní ó ti gba owó tiẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Alhaji Mùstàfá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, rí i lọ́nà, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ fún mi ni, mo sì kà á," ni Gbádérọ̀ wí.

"Odídẹrẹ́ ni ọ́ nígbà náà!"

Moróunkẹ́ jáde. Ó kórìíra ọkùnrin náà tọkàntọkàn.

Kò pẹ́ sígbà náà, Gbádérọ̀ wá sí ilé tí Bàbá àti ẹbí rẹ̀ háyà ní Agbowó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá ò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ má fún un lómi," ló wí.

Ilé ta ni àlejò ń dé tí wọn kì í bu omi fún un? Gbádérọ̀ gbé ìtìjú náà mì, ó sì tún padà wá, àní léraléra. Moróunkẹ́ a máa sìn ín jáde kó lè ráyè bú u dáadáa. Nígbà tó yá, èébú tán lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń sìn ín. Ó wá rí i pé òun ti ń dá ìró ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mọ̀, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Àyànfẹ́ mi, jẹ́ kí n fẹ́ ọ," ni Gbádérọ̀ wí.

"Ó wù mí. Ta ni yóò sọ fún Bàbá?"

Moróunkẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ fún un. Bàbá fò dìde.

"Ẹni tó gba ẹnu mi sọ̀rọ̀, òun ló tún fẹ́ gba ọmọ mi? Ó di ẹ̀yìn ikú mi!"

"Ọkọ ò wọ́n n'Íbàdàn," ni ìyá Moróunkẹ́ náà wí. "Wá ẹlòmíràn."

Moróunkẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Nígbà tí mọ́tò sinimá tún padà sí Challenge, Gbádérọ̀ ni wọ́n ní kó fi maíkì kí àwọn èrò. Bí ọwọ́ Bàbá ti yọ lára aṣọ funfun, ó yí ohùn fíìmù wálẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Challenge, èmi lẹ gbọ́ níjọ́sí. Irọ́ ni mo pa. Mi ò sí níbẹ̀. Bàbá yìí ò dúpẹ́ o! Ẹjọ́ ilé rẹ̀ ló ń rò fún Ọlọ́run."

Ọ̀gá rẹ̀ já maíkì gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gbádérọ̀ ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Alhaji Mùstàfá wá sí Agbowó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó jalè. Bàbá jẹ́ kó dúró pẹ́ kó tó ní kó wọlé.

Lẹ́yìn òjò ọdún náà, àwọn ẹbí Gbádérọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Bàbá ò lé wọn. Àgbà wọn, Olúgbádé, wúkọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: "Òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín..."

"Ẹ dákẹ́," ni Bàbá wí. "Ẹnìkan ti gbẹnu sọ fún mi rí. Mi ò fẹ́ agbẹnusọ nínú ilé mi mọ́. Kí ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀."

Ilé dàrú. Wọ́n ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ ìyàwó kì í bá ara rẹ̀ tọrọ. Bàbá nawọ́ sí Gbádérọ̀.

Gbádérọ̀ dìde. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kankan fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo bà yín lórúkọ jẹ́. Mi ò níṣẹ́. Mo... mo fẹ́ràn Moróunkẹ́. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì tújú ká.

"Moróunkẹ́," ló wí, "bu omi fún un."