Ogún Íńṣì

"Kí ló tilẹ̀ wọ̀ ná?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ tó fẹ́ balẹ̀, nítorí pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń polówó ọjà láti kùtùkùtù, ta ni yóò bá a tì í?

"Ọmọbìnrin tó dá wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin, kí ló ń wá? Ẹ má tàn mí jẹ o. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, mà," ni Téèpù wí. "Apá yín ń mì."

Téèpù ni ọmọ aránṣọ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bó bá ti ti iléèwé dé, téèpù ìwọnṣọ ni yóò kọ́kọ́ fi kọ́ ọrùn, kò sì ní bọ́ ọ títí tí wọn yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ tí gbogbo iléèwé ń pè é nìyẹn, kódà àwọn olùkọ́.

Ẹni tí wọ́n ń fẹnu jẹ lọ́jọ́ náà ni Oníṣirò, tí òun àti Téèpù jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì. Ìṣirò tí olùkọ́ ń fi bébà ṣe, orí ni ọmọ náà fi ń ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó lọ ya fọ́tò pélébé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣekágbá. Onífọ́tò tó wà ní ìkángun òpópónà ló lọ bá. Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì fipá bá a lò. Oníṣirò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ìyá rẹ̀ sì mú un lọ bá dókítà àti ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá kò tíì parí ìwádìí tí àwọn ará àdúgbò ti dá ẹjọ́ tiwọn. Ẹ má rò pé Onífọ́tò ni wọ́n pè lẹ́jọ́ o. Ta ló fẹ́ bá Onífọ́tò wí? Ọkùnrin tó ń kí àgbà tẹ̀ríba-tẹ̀ríba, tó ya fọ́tò ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ àdúgbò! Aṣọ ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù ẹnu wọn. Àwọn ọlọ́gbọ́n orí! Bí olè bá palẹ̀ búrẹ́dì mọ́ lórí àtẹ lọ́la, ṣé Ìyá Oníbúrẹ́dì yóò jókòó, yóò wá máa béèrè bóyá búrẹ́dì náà ló fi òórùn dídùn pe olè? Yóò ké tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá yóò fi gbàgbé fìlà sílé.

Téèpù mọ aṣọ tí Oníṣirò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló wọ̀n ọ́n, ìyá Téèpù ló rán an: aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó dé ààbọ̀ ojúgun, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Ó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ nọ́ńbà Ìyá Oníbúrẹ́dì sínú ìwé, ó sì dákẹ́.

Ìwé ìwọ̀n yẹn ní àṣà tirẹ̀. Ìyá Téèpù kì í kọ àyà, kì í kọ ìdí. Nọ́ńbà lásán ló máa ń tò sórí ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníbàárà. Gígùn aṣọ ló ń ṣáájú, apá ló ń kẹ́yìn. Aránṣọ mìíràn kì í tò ó bẹ́ẹ̀; gígùn ni tiwọn fi ń kẹ́yìn. "Ẹni tó bá jí ìwé mi," ni ìyá náà máa ń wí, "á rán ṣòkòtò fún ejò."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Olóhùn Iyọ̀ yọjú. Àbúrò Onífọ́tò ni, kíláàsì kan náà ni òun àti Téèpù wà. Bó bá sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni da oyin sórí ọkàn. Láti oṣù mẹ́ta ló ti ń yá Téèpù ní àwọn ìwé ìfẹ́ pélébé-pélébé, tí yóò ti fi gègé fàlà sábẹ́ ibi tó dùn jù. Nínú àwọn ìwé náà, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ràn ọkùnrin dénú kì í béèrè ìbéèrè. Ẹkún ló máa ń sun, lójú fèrèsé.

Ìyá Téèpù ti lọ ra òwú. Olóhùn Iyọ̀ fara ti tábìlì ìgéṣọ, ó wò ó títí ọkàn ọmọbìnrin náà fi ń lù kì-kì-kì bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní àtẹ̀jù.

"Ìràwọ̀ mi."

"Kí ni?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán aṣọ tí ọmọbìnrin yẹn wọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi? Jẹ́ kí n rí ìwọ̀n rẹ̀."

Téèpù ṣí ìwé. Kí ló dé tó fi ṣí i? Ẹ bi àwọn ìwé ìfẹ́ léèrè. Olóhùn Iyọ̀ fi ìka tẹ̀lé ìlà náà: mẹ́tàlélógójì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì, ogún. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ogún! Ogún íńṣì péré ni gígùn aṣọ rẹ̀! Láti èjìká! Ìyẹn bo ìdodo ẹni?" Kí Téèpù tó mí, ó ti fi fóònù ya ojú ìwé náà.

"Rárá, ogún yẹn, apá ni..."

"Ṣẹ̀ẹ̀!" Ó gbé ìka lé ètè. Ohùn rẹ̀ tún rọ̀ sí i. "Mi ò ní kí o purọ́ o, ìràwọ̀ mi. Kí o dákẹ́ ni mo ní. Ṣé ìyẹn náà pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ràn mi?"

Téèpù dákẹ́. Ó tiẹ̀ rò pé ohun ìwúrí ni, pé òun ti di ọmọbìnrin inú ìwé. Òmùgọ̀ ọmọ! Ẹni tó bá ní kí o fi ẹnu rẹ ṣe àgádágodo fún ìwà ìbàjẹ́ ilé wọn kò fẹ́ràn rẹ. Ẹnu rẹ ló fẹ́ yá lò.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fọ́tò ìwé ìwọ̀n ti wà lórí Wásáàpù àwọn òbí. Àwọn bàbá tí kò mọ ìwọ̀n bàtà ọmọ ara wọn di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú aṣọ obìnrin. "Ogún íńṣì! Háńkáṣífù ni!" "Ẹ̀bi ìyá rẹ̀ ni." "Ọkùnrin yẹn náà, ẹran ara ni." Ní kíláàsì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ 20 gàdàgbà sórí bẹ́ǹṣì. Bí Oníṣirò bá ń kọjá, àwọn kan á yọ rúlà, wọn á máa wọn afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, kò wá síléèwé mọ́. Téèpù nìkan jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé: kí gbogbo òbí pé jọ ní ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n wá pinnu bóyá kí wọ́n yọ orúkọ Oníṣirò kúrò lára àwọn tó máa ṣe ìdánwò, "nítorí àbùkù tó kó bá iléèwé." Kí aránṣọ sì mú ìwé ìwọ̀n dání.

Ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà ti fi ń múra ìdánwò yẹn.

"Màámi," ni Téèpù wí, "ẹ mọ̀ pé apá ni ogún yẹn."

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ. "Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́?"

"Oníbàárà mi ni gbogbo wọn. Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Téèpù bí abẹ́rẹ́ tó wà nínú aṣọ tí a rò pé wọ́n ti yọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn iléèwé kún fọ́fọ́. Oníṣirò àti ìyá rẹ̀ jókòó níwájú. Àga mẹ́ta lápá ọ̀tún àti mẹ́ta lápá òsì ṣófo, bí ẹni pé ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ náà ń ranni. Olóhùn Iyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣẹ́jú sí Téèpù.

Alága àwọn òbí dìde. Ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dìde.

"Ẹ̀yin òbí, a kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ìwé ló sọ̀rọ̀. Ogún íńṣì! Ọmọ tó bá gbé ara rẹ̀ síta, ṣé ó yẹ kó tún máa pariwo? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

"Kò yẹ!" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì fi òntẹ̀ lù ú. "Ẹ yọ orúkọ rẹ̀, kí ojú ti àwọn tó kù!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Téèpù ló dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ìwé ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Olóhùn Iyọ̀ ti gbé ìka lé ètè.

"Ogún kọ́ ni gígùn. Nínú ìwé wa, gígùn ló ń ṣáájú, apá ló ń kẹ́yìn. Gígùn aṣọ rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

"Ọmọdé, jókòó," ni alága wí. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ka ìwé? Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni gígùn. Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Ó dáa, sà." Téèpù ṣí ojú ìwé mìíràn. "Ìyá Oníbúrẹ́dì náà wà níbí. Nọ́ńbà tiwọn tó kẹ́yìn jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Bó bá jẹ́ pé gígùn nìyẹn, a jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n wọ̀ jókòó yìí kò dé ìdodo wọn."

Gbogbo ojú yí padà wo aṣọ Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ń gbá ilẹ̀. Ẹ̀rín bú lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó sì sáré dé iwájú.

"Èmi? Èmi lò ń bú báyìí? Èmi tí mò ń bo ara mi!"

"N ò bú yín, mà. Ìwé ló sọ̀rọ̀."

Irọ́ sáré fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, òtítọ́ lé e bá lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń pariwo "Ẹ yọ ọ́!" wá ń rẹ́rìn-ín jù, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Alága nu ojú. "Ó dáa, bó bá rí bẹ́ẹ̀, aṣọ ọmọ náà gùn, ọmọlúàbí ni. Ẹ jẹ́ ká..."

"Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán?"

Oníṣirò ti dìde. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

"Lánàá, háńkáṣífù ni mo wọ̀, mo yẹ ní lílé. Lónìí, aṣọ mi gùn, mo di ọmọlúàbí. Bó bá wá jẹ́ pé ogún ni lóòótọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ mẹ́wàá? Ṣé aṣọ ló ti ilẹ̀kùn? Ṣé aṣọ ló fi kọ́kọ́rọ́ sápò?" Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka iye òmùgọ̀ tó wà nínú ilé. "Ọlọ́pàá béèrè ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ, íńṣì lẹ̀ ń béèrè. N óò ṣe ìdánwò mi. N óò sì rojọ́ mi ní kóòtù. Ẹ máa wọn aṣọ lọ."

Ọ̀gá iléèwé, tó ti ń wo bàtà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, sọ wẹ́rẹ́ pé orúkọ ọmọ náà kò ní kúrò. Àwọn òbí tú ká ní méjì-méjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn.

Lẹ́nu ọ̀nà, Olóhùn Iyọ̀ di Téèpù lápá mú. "O ti fọ́ ọkàn mi sí wẹ́wẹ́."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Téèpù gbọ́ ohùn náà bó ṣe rí gan-an: ohùn ẹni tó ń ta ọjà tó ti bàjẹ́. Ó já ọwọ́ ọmọkùnrin náà kúrò lápá rẹ̀. "Wá kó ìwé rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ka gbogbo ibi tí o fàlà sí. Kò sí òótọ́ kan níbẹ̀."

Ó sáré bá Oníṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. "Jọ̀ọ́. Dárí jì mí."

Oníṣirò dúró. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án lo fi mọ̀ pé apá ni. Mo ṣírò rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Bó bá sì jẹ́ pé gígùn ni lóòótọ́, ṣé ò bá ti dìde?"

Téèpù mọ èsì náà, ìyẹn ló ṣe dùn ún.

"Mo máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa lọ́jọ́ Ajé," ni Oníṣirò wí. "Ìdáríjì yẹn, kò tíì yá." Ó bá ìyá rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Oníbúrẹ́dì tún wá na apá láàárín ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ìtìjú kì í pẹ́ lára irú wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mìíràn ní àdúgbò kejì ló gbé wá. "Wọ́n ní ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ló wọ̀ ná?"

Téèpù bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ dá dúró.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì," ló wí, "aṣọ ni téèpù yìí ń wọ̀n. Kò mọ ẹ̀bi í wọ̀n. Ọwọ́ ẹni tó ṣe ibi ni ẹ̀bi wà, yálà aṣọ gùn tàbí ó kúrú. Bí ẹ bá tún béèrè bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ ó wá aránṣọ mìíràn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú sí ìyá Téèpù, ó ń retí kó bá ọmọ rẹ̀ wí.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ," ni ìyá náà wí, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ padà.