Ẹ̀yìn Ọgbà Màlúù

"Ọmọ mi, ṣé o ti ṣe ọgbà màlúù yẹn yíká tán?"

Bàbá àgbà ló ń béèrè látorí àga rẹ̀. Tíńtín dúró nídìí tábìlì gbọọrọ tí ọkọ̀ ojú irin kékeré wà lórí rẹ̀, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn níka. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi kó màlúù sínú ọkọ̀ ojú irin kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ojú irin, ibùdókọ̀ àti afárá sórí tábìlì náà. Ohun tó gùn tó ọgọ́rin ẹsẹ̀ bàtà lójú ayé, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni níbẹ̀. Ọgbà tí màlúù ti ń dúró de ọkọ̀ nìkan ló kù nígbà tí ojú rẹ̀ ṣú, tí kò ríran mọ́. Ó gbé e lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí wọ́n fẹ́ pàtẹ gbogbo rẹ̀ ní ilé ìkàwé ìlú.

Iwájú ọgbà náà dùn ún wò. Igi ìṣáná tò gbọnrangandan, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣófo gbayawu, ọ̀rẹ́ Tíńtín sì ti ń fi aago kẹ̀kẹ́ pè é níta.

"Ta ló máa yọjú wo ẹ̀yìn?" ló sọ nínú ara rẹ̀. Ó gbóhùn sókè: "Mo ti ṣe é tán, bàbá àgbà!" Ó bẹ́ síta.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, bàbá dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. "Ọmọ-ọmọ mi ló ṣe é," ló ń sọ fún gbogbo èèyàn. "Kò sí ibi tó kù!"

Ọmọdé kan yọrí láti òdìkejì. "Bàbá, màlúù yín máa sá lọ o! Ẹ̀yìn ò ní ọgbà."

Èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe na ọwọ́ síbẹ̀. Ìka rẹ̀ rìn lọ, ó rìn bọ̀, kò kan nǹkan kan. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Àbí ó kán nígbà tí ẹ ń gbé e bọ̀ ni?" ìyá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé béèrè.

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbagada. Tíńtín wo ojú bàbá, omi lé ròrò sí i lójú.

"Rárá, mà. N kò ṣe é rárá ni. Mo parọ́ fún bàbá àgbà."

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Kì í ṣe ọgbà ló dùn mí," ló wí. "Ojú ò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo fi ń ríran."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìpàtẹ náà. Lọ́jọ́ kejì, Tíńtín gbé igi ìṣáná àti gọ́ọ̀mù dé, ó jókòó ṣiṣẹ́ lójú gbogbo èrò. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n kò dìde. Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ fi kan ọ̀nà tí màlúù máa gbà gòkè sínú ọkọ̀.

"Ṣé ó tọ́ gbọnran?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Màlúù tó bá ti rí òpin ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán máa ń yí padà."

Ló bá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. Àwọn ọmọdé pagbo yí wọn ká, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ bí òjò.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá fi ìka tọ ọgbà náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, iwájú àti ẹ̀yìn. "Ó pé," ló wí.

Tíńtín mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ èyí: ẹni tó bá jẹ́wọ́, tó sì padà tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ṣì lè gba ìgbẹ́kẹ̀lé tó sọnù padà.