Ìkòkò Tíì Jerusha

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wàhálà dé, ewé ni Jerusha Pell ń sè, ewé igi ẹlẹ́gùn-ún eléso pupa tó wà lẹ́yìn ilé. Òun ni gbogbo obìnrin etíkun wa nítòsí Boston ń mu látìgbà tí a ti búra pé a kò ní fẹnu kan tíì tí ọba Ìlú Ọba gbé owó ibodè lé. Kò dùn. Èmi tí n kì í kọ ohunkóhun tó bá ti gbóná, ojú mi máa ń fún pọ̀ bíi tọmọ tí wọ́n rọ lágbo.

Deliverance, aládùúgbò rẹ̀, gbé kẹ̀kẹ́ ìrànwú wọlé.

"Ìyàwó Amos, ìkòkò tíì òkèèrè yìí ṣì wà lórí tábìlì? Gbogbo wa ti kó tiwa sí àjà."

"Ti ìyá mi ni. Ìyá mi ò bá ọba jà."

"Àwọn tó ń kọjá ò mọ ìyá ẹ. Ìkòkò ni wọ́n ń rí."

Jerusha rẹ́rìn-ín. Ó bi ọkọ rẹ̀ tó ń kan àgbá onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pé, "Owó táṣẹ́rẹ́ ló wà lórí tíì yìí. Kí la wá ń bínú tó báyìí fún?"

"Kì í ṣe bó ṣe kéré," ni Amos wí. "Tí a bá fẹ́ tún afárá ṣe níbí, a ó péjọ, a ó nawọ́ dìbò, a ó dáwó. Nílé ìgbìmọ̀ Ìlú Ọba, ta ló ń nawọ́ fún wa? A kọ̀wé, wọn ò dáhùn. Àwọn èèyàn wa da tíì sókun ní Boston, ọba ti èbúté pa, ó kó sójà wá. Ọkọ̀ ò wọlé mọ́. Ta ni yóò ra àgbá mi?"

Ẹnì kan tó ń kọjá rí ìkòkò àti èéfín lójú fèrèsé, ó sì sáré lọ sọ nílé ọtí pé wọ́n ń mu tíì ọba. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi kún ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀dà gbígbóná tí a fi ń kun ọkọ̀ ojú omi. Caleb Frost, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Amos, ló ṣíwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dalẹ̀."

"Ewé ni, Caleb. Wá tọ́ ọ wò."

"Ẹ gbọ́," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn, "ọ̀dàlẹ̀ ní ká wá bá òun mu tíì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò tọ́ ọ wò. Wọ́n da ọ̀dà náà lé Amos; ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ọwọ́ yẹn ló sì bà jù. Wọ́n da ìyẹ́ adìẹ lé e, bí wọ́n ṣe máa ń dójú ti ọ̀dàlẹ̀.

Deliverance bu ife kan, ó gbé e fún Caleb. "Mu."

Ó mu ún.

"Ewé ni," ló wí.

Wọ́n túká lọ́kọ̀ọ̀kan, láìwo ojú ara wọn.

Nígbà ìrúwé, sójà ọba jáde ní Boston, wọ́n yìnbọn fáwọn ará abúlé, ogun sì bẹ̀rẹ̀. Caleb dúró lẹ́nu ọ̀nà Amos, fìlà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, a nílò àgbá tí a ó kó ẹ̀tù ìbọn sí. Tiyín nìkan lomi kì í wọ̀."

Amos yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ. Àwọn ìka ti lẹ̀ mọ́ra bíi ti pẹ́pẹ́yẹ.

"Ọwọ́ yìí ò lè di òòlù mú mọ́, àbúrò."

Àgbá ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lọ. Òjò wọ inú ẹ̀tù. Caleb wà lára àwọn tí ìbọn wọn kò dún lójú ogun.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ bi aráàlú kí ẹ tó gbé owó lé wọn lórí. Ẹni tí a kò bi léèrè ni í da ọjà sókun. Ẹ̀yin aráàlú, òfin burúkú ni kí ẹ bá jà. Bí ẹ bá rí èéfín lójú fèrèsé aládùúgbò, ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ níta, ẹ wọlé, kí ẹ gba ife tọ́ wò.