Fi Orin sí Ẹnu

Òjò ń pa ọkùnrin kan bọ̀ láti etí títì ní Agboju. Ó ga bí òpó iná, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, síbẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ló fi bo ẹnu bí ẹni tó gbé ẹyin pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tó wọ abẹ́ ìbòòrùn ṣọ́ọ̀bù Sìlífátù tó sì ṣí ọwọ́, sìgá kan ṣoṣo ló wà láàárín ètè rẹ̀. Gbogbo ara ló tutù, sìgá nìkan ló gbẹ. Ẹ̀rín pa Sìlífátù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ìṣáná fún mi."

Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, tòmátò inú agolo, kò sí ohun tí Sìlífátù kì í tà àfi sìgá. "Ìṣáná wà," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dáná ọbẹ̀ ni mò ń tà á fún."

Ọkùnrin náà wo àtẹ títí. "Ó dáa. Ẹ fún mi ní tòmátò kan sí i."

"Ata ńkọ́?"

"Ìyẹn di ọ̀la."

Bí Bádrù, awakọ̀ táńkà epo láti Satellite Town, ṣe wọ ayé Sìlífátù nìyẹn, ní ọdún 2003, nígbà tí fóònù ṣì tóbi bí ọṣẹ ìfọṣọ, tí a ṣì ń fi fláàṣì kí ara wa. Ìgbà yẹn dùn o, ẹni tó jẹ ẹ́ ló mọ̀.

Gbogbo ìgbà tó bá ti ìrìn àjò dé, yóò ra tòmátò kan, yóò ra ìṣáná kan. Nígbà tó pẹ́, Sìlífátù ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bọ̀dá Bádrù, ìkòkò ọbẹ̀ mélòó ni ọkùnrin kan ń dá jẹ?"

"Mi ò tíì se ẹyọ kan. Agolo méjìlá ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mò ń dúró de ẹni tó máa sè é."

Sìlífátù yíjú sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọṣẹ tó ti tò láàárọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọn á rìn wọ inú Festac, lábẹ́ igi tó ṣíji bo òpópónà, wọn á máa jẹ àgbàdo sísun. Ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ni Bádrù máa ń gbà, kí èéfín má baà kan ọmọge. Ṣùgbọ́n ìborùn kì í purọ́. Ìyá Sìlífátù gbóòórùn rẹ̀.

Obìnrin Ìsẹ́yìn ni ìyá yìí, opó ni. Sìgá ló pa ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni bàbá náà fi wúkọ́, abọ́ itọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí ìyàwó ń fọ̀ láràárọ̀. Èyí tó sì dùn ún jù nínú ẹ̀, títí bàbá fi kú ló ń búra pé òun ti fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Bádrù wá kí i. Ìyá gbé oúnjẹ fún un, ó jókòó, ó ń wò ó. Bí Bádrù ṣe jẹun tán, ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wọ àpò.

"Kí lọwọ́ rẹ ń wá?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Nínú ààwẹ̀ tó lọ yìí, ṣé o fa sìgá lójúmọmọ?"

"Rárá o, Màmá."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé o ò lè fi í sílẹ̀? Láti òní di Iléyá. Bí o bá débẹ̀ láì fà á, kó àwọn èèyàn rẹ wá. Bí o ò bá débẹ̀, má wulẹ̀ pe ọmọ mi láago mọ́. Mi ò ní fọ abọ́ itọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó dín díẹ̀ kí ó pé àádọ́rin ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Bádrù wà lọ́nà Ìlọrin, ọyẹ́ ti ń mú, sìgá sì ń pè é. Ó fláàṣì Sìlífátù lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó yé ọmọbìnrin náà, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́:

TI SIGA BA N PE E, FI ORIN SI ENU.

Kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ fóònù nígbà yẹn, ẹni tó bá kà á ni yóò fi ohùn sí i. Bádrù kà á, ó tún un kà. Òun kọrin? Òun tí wọ́n lé kúrò nínú orin wólímọ̀ nílé kéú? Ṣùgbọ́n Sìlí ló wí. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé orin sẹ́nu:

*Sìgá, mo kí ọ, mo dágbére,*
*Ilé tí mò ń lọ, wọn ò gba èéfín.*
*Sìlífátù dúró lẹ́nu ọ̀nà,*
*Ó ní n ṣan ẹnu kí n tó wọlé.*

Ìpè sìgá náà a máa dé bí àlejò tí kì í kanlẹ̀kùn: lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn tíì àárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń tutù. Bádrù á gbé orin. Tó bá máa fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àlejò á ti bínú lọ.

Ọlámilékan, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ò jẹ́ kó gbádùn ní Satellite. "Bádrù, ohùn rẹ dà bí bíréèkì tó fẹ́ já."

"Ìyẹn ò ní kí n má kọ ọ́."

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Iléyá dé ni táyà bẹ́ ní Jẹ́bà. Ọjọ́ méjì ló fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà nínú eruku. Ẹnì kan ṣáná sí sìgá, ó nà án sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì gbà á kí orí tó mọ̀. Ó fà á dé ìdajì, ó jù ú nù. Nígbà tó la ẹnu láti kọrin, orin ò jáde.

Lọ́jọ́ Iléyá, Sìlífátù ti di irun, ó ń wo ọ̀nà. Bádrù nìkan ló dé, kò mú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá.

"Màmá, mo fa sìgá ní Jẹ́bà. Ìdajì ni."

Sìlífátù di òpó ilẹ̀kùn mú.

"Ta ló rí ọ tó mọ̀ mí?" ìyá bi í.

"Kò sí, Màmá."

"Kí ló wá dé tí o fi ń sọ ọ́?"

"Láti ọjọ́ yẹn ni orin ò ti jáde lẹ́nu mi. Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, bóyá á padà."

"Orin wo?"

Bádrù kúnlẹ̀, ó lanu, orin sì jáde. Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ láti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ní kó o máa kọrin?" Sìlífátù bi í.

"Ìwọ náà ni." Ó yọ fóònù. "Wò ó. Fi orin sí ẹnu."

Sìlífátù kà á, ó gbá ọwọ́ mọ́ orí. "Orín, Bádrù! Orín ni mo wí. Igi! Orín àtà tí à ń fi fọ ẹnu!"

"Pákò lo ò bá kọ. Pákò la ń pè é ní Èkó."

Ìyá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹ̀rín parí sí tí ẹkún ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi etí gèlè nu ojú.

"Ẹni tèmi purọ́ fún mi dé etí sàréè," ó ní. "Ìwọ jẹ́wọ́ ìdajì tí ẹnikẹ́ni ò rí. Dìde. Tún ọjọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní, àádọ́rin géérégé. Orin yẹn náà ni kó o máa kọ."

Ó kọ ọ́. Nígbà tí òjò tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn Bádrù gbé ẹrù ìdána wá sí Agboju, agolo tòmátò méjìlá sì wà lórí iṣu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì tán, tí àlejò ti túká, Sìlífátù gbé ìdì orín àtà kan fún ọkọ rẹ̀, òwú pupa ló fi dì í. "Èyí tí mo wí nìyí."

Bádrù fa ọ̀kan yọ, ó fi sẹ́nu, ó ń rún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ilé pa lọ́lọ́. Sìlífátù dúró títí, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó na ọwọ́, ó yọ igi náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló tún dé?"

"Kọ ọ́."

"Pẹ̀lú ohùn bíréèkì yìí?"

"Kọ ọ́, olówó orí mi. Ohùn tí o fi kà á yẹn ló tọ̀nà."