Eyín Inú Àwòrán

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó kọ̀ ọ́. Ojú mi ló ṣe, ẹnu mi ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Bọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n mi ló gbá eyín iwájú mi yọ. Ó bẹ̀ mí, mo ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín, tí òun sì ń ya tirẹ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Eyín rẹ̀ funfun, ó gún. Ọ̀kan péré ni igun rẹ̀ kán níwájú, nígbà tó fi ṣí ìgò. Àbùkù yẹn gan-an tún bu ẹwà kún un.

Ọ̀sán ni a dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ẹ̀ẹ̀kẹta mi nìyẹn. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò béèrè orúkọ mi rí. Inú ìwé ló ti ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ṣé ẹ̀yin náà wá tún eyín ṣe ni?"

"Rárá o. Àwọn tèmi ò tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní: ẹ̀gbọ́n mi, ìbá jẹ́ eyín tìẹ ló bọ́.

Dókítà náà, ìyá àgbà kan tí òórùn ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti fíìmù kékeré tí wọ́n fi ń yàwòrán egungun bọ̀ mí lẹ́nu, ó yà á. Àlàfo lásán ló hàn.

"Fíìmù ò burú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí egungun ṣe ga tó ló ń sọ, kì í sọ bó ṣe nípọn tó. Kí n tó gbẹ́ ihò tí mo máa gbin eyín sí, ẹ̀rọ ayàwòrán ńlá ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀."

Ẹ̀rọ náà yí orí mi ká. Wùùù. Ó dúró.

Dókítà wo kọ̀ǹpútà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"La ẹnu."

Ó fi ìka tẹ àlàfo mi. Ẹran rírọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, eyín kan wà níbẹ̀. Igun rẹ̀ kán.

Mo mọ eyín náà. Mi ò sọ.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. "Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi wà? Eyín mi kan ṣàdédé ń mì."

Dókítà tún lo fíìmù. Àlàfo. Ó tún lo ẹ̀rọ. Wùùù. Eyín náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí i.

Níta, akọ̀wé kígbe. "Yéè! Ẹ̀jẹ̀!"

Dókítà kò gbọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán. "Fíìmù ní òfo, ẹ̀rọ ní eyín. Mo lè pa ẹ̀rọ yìí, ká gba ti fíìmù. Tàbí ká yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnu rẹ ni. Èwo ni ká ṣe?"

"Àbúrò!" Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. "Àbúrò, jáde wá!"

Mo rántí ẹ̀rín akọ̀wé.

"Ẹ̀rọ ńlá, mà." Ohùn mi, tó máa ń gbọ̀n, kò gbọ̀n.

Wùùù.

Nígbà tí mo jáde, ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Ó ń wá eyín rẹ̀ lábẹ́ àga. Kò rí i. Akọ̀wé gbójú sókè wò mí.

"Kí lorúkọ yín?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ahọ́n mi kan nǹkan líle kan. Ó tutù. Igun rẹ̀ kán.

Mo pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì là á níwájú ẹ̀gbọ́n mi.