Fèrèsé Gbọ̀ngàn Kẹta

Kùrukùru ti wọ inú gbọ̀ngàn kẹta. Ohun tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Ornella Vandelli kọ́kọ́ rí nìyẹn, kó tó rí òkú.

Ní Modena, ní ilẹ̀ Ítálì, bí oṣù kọkànlá bá ti dé, kùrukùru a bo pápá, a bo títì, ṣùgbọ́n kì í wọlé onílé bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí ọ̀nà fún un. Ornella gbójú sókè. Fèrèsé mẹ́fà tó wà lẹ́bàá òrùlé ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òtútù ń rọ́ wọlé.

Ìgbà náà ló tó wo ilẹ̀. Ẹnjiníà Sandro Guerzoni wà láàárín ògiri àti imú jíìpù tuntun náà. Wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a dé ìdajì.

Poiana ni wọ́n sọ jíìpù náà. Ọgọ́rin ọdún ni ilé-iṣẹ́ Malavolti ti fi ń ṣe ọkọ̀ eré ìje, èyí sì ni àkọ́kọ́ tí yóò máa fi iná mànàmáná rìn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ ṣí aṣọ lójú rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bá òkú nídìí rẹ̀.

"Ọ̀gá, kò gbọ́ nǹkan kan," ni Righi, igbákejì rẹ̀, wí. "Ọkọ̀ yìí kì í dún. Ó kẹ̀yìn sí i, ó ń ká wáyà, ikú sì rọra rìn bá a."

"Ìwọ náà rọra sọ̀rọ̀. O ti jẹun?"

"Kọfí lásán ni, ọ̀gá. Òkú ò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì."

Káàdì tí wọ́n fi ṣí ọkọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Orúkọ Lidia Ferraguti ló wà lára káàdì náà. Agbẹjọ́rò ìjọba ti gbọ́, ó ní bó bá di aago méjìlá ọ̀sán, òun ń bọ̀ wá mú ọmọbìnrin náà lọ sẹ́wọ̀n. Ornella kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹjọ́ tó bá tètè pọ́n, ìdin ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ ìwé olùṣọ́ géètì wò. Yàtọ̀ sí olóògbé, ènìyàn mẹ́ta péré ló wọlé kó tó di aago méje àárọ̀ tí wọ́n rí òkú: Lidia, tó ṣe bátìrì ọkọ̀ náà, Corrado Malavolti, tó ni ilé-iṣẹ́, àti Tiziano Bergonzini, àgbàlagbà tó ti ń dán ẹ́ńjìnnì wò níbẹ̀ láti ogójì ọdún. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ búra pé pípadé ni òun fi fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Lára ògiri, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú férémù. *Ivano, 1987*, ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Òdòdó tútù wà níwájú rẹ̀.

Lidia ni Ornella kọ́kọ́ pè. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni.

"Káàdì rẹ nìyí."

"Tèmi ni, mà. Inú kóòtù mi ló wà, kóòtù mi sì wà lórí ìkọ́ níbi tí a ti ń mu kọfí. Ta ni kì í gba ibẹ̀ kọjá?"

"Wọ́n ní ìwọ àti olóògbé jà lánàá."

"A jà dáadáa. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ sára bátìrì tí mo fi ọdún méjì ṣe. Mo pè é ní olè lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn, ṣé ó máa kọ́kọ́ kéde ni?"

"Ta ló ṣí fèrèsé?"

"Fèrèsé wo?" Lidia tẹjú mọ́ ọn. "Àwọn tó wà lókè yẹn? Ṣé wọ́n máa ń ṣí ni?"

Malavolti wọlé tìbínú-tìbínú nínú kóòtù olówó ńlá.

"Sátidé mi ńkọ́? Àwọn oníròyìn ti wọ bàálù!"

"Òkú ò tíì tutù, ẹ ti ń sunkún Sátidé. Wọ́n ní Guerzoni fẹ́ fi yín sílẹ̀ lọ bá àwọn tí ẹ jọ ń figagbága."

"Mo mọ̀. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ta ló ń pa adìẹ tó kù dẹ̀dẹ̀ kó yé ẹyin?"

"Fèrèsé yẹn ńkọ́?"

"Madam, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan iná gbọ̀ngàn yẹn. Awakọ̀ ló ń gbé mi kiri."

Tiziano ló wọlé gbẹ̀yìn. Òróró ti jẹ wọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Mo wá fi òdòdó síwájú àbúrò mi ni. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń ṣe é."

"Ivano?"

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Òtútù mú lọ́jọ́ náà, ó ti gbogbo fèrèsé, ó tan ẹ́ńjìnnì tó ń dán wò. Èéfín pa á. Àwa rò pé ó sùn ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Guerzoni ńkọ́?"

"Ọ̀gá ni. Oṣù kẹta ni mo máa fẹ̀yìn tì. Kí ló kàn mí?"

"Lidia ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni."

"Ẹ̀yin lẹ ṣí fèrèsé láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án." Ojú rẹ̀ kò yẹ̀ rárá.

Wọ́n gbé òkú lọ. Aago mọ́kànlá kọjá. Ornella ní kí Righi pa fèrèsé dé. Righi wá ohun tí wọ́n fi ń pa á dé títí ó fi làágùn. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan ló ti wá rí ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n ń fà. Eruku ti bo gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti ń tó o. Ibẹ̀ mọ́ kedere. Righi fà á, fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padé.

"Ẹni tó fà á kò wá a kiri bíi tìẹ," Ornella sọ.

"Ọ̀gá, kí ni apànìyàn fẹ́ fi fèrèsé ṣe? Ó ga ju ohun tí ènìyàn lè gbà sá lọ."

"Kò sí ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Poiana kejì wà ní igun gbọ̀ngàn náà lábẹ́ aṣọ. Ornella ní kí wọ́n ṣí i, ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ bá mi tan ọkọ̀ yìí, kí ẹ wà á sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Lidia wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Ọkọ̀ ńlá náà lọ sẹ́yìn láìdún, ara Righi bù máṣọ. Malavolti wá ihò kọ́kọ́rọ́ títí, kò rí i, àfìgbà tí Lidia nawọ́ sí bọ́tìnnì náà.

Ó wá kan Tiziano. Ó ti fìlà bọ àpò. Kò lọ sídìí ọkọ̀. Ó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lọ tààrà, ó nawọ́, ó fa ẹ̀wọ̀n náà lẹ́ẹ̀mẹta. Fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣí. Kùrukùru tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ó ti rìn dé ìdajì ọ̀nà sídìí ọkọ̀ kó tó mọ̀ pé gbogbo ènìyàn ń wo fèrèsé. Ó wo òkè. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bàbá Tiziano," Ornella rọra sọ, "ọkọ̀ yìí ò ní èéfín."

Àgbàlagbà náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí Ivano ti kú, mi ò tan ọkọ̀ kankan nínú ilé yìí rí kí n má kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rántí pé mo ṣí i láàárọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá tilẹ̀kùn jáde, tí kò ní rántí pé òun tì í. Mi ò rò ó. Ọwọ́ mi ló rò ó."

"Kí ló dé tí ẹ fi pa á?"

"Mi ò wá pa á. Odò Panaro ni mo fẹ́ wa ọkọ̀ náà sí. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì wa kan ṣoṣo tó kù, kí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá di Sátidé, wọ́n á máa fi ohùn yẹn dún nínú jíìpù, káwọn olówó lè rò pé ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀. Mo tan án. Ó kọrin, inú mi dùn. Bó ṣe dákẹ́ báyìí, Guerzoni ní kí wọ́n gé e fáwọn onírin àlòkù. Ó gba ohùn rẹ̀ tán, ó ju òkú rẹ̀ nù."

Ó fọwọ́ nu ojú.

"Láàárọ̀ yìí, ó bá mi nínú ọkọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ dúró ná, Bàbá, ẹ jẹ́ n yọ wáyà fún yín kí ẹ tó jí i gbé.' Ó yọ ọ́, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń ká a. Ẹsẹ̀ mi tẹná mọ́ ọkọ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì mi ni, ì bá gbọ́. Ì bá sá."

Lidia ló sún mọ́ ọn.

"Káàdì mi ńkọ́, Bàbá? Nínú kóòtù mi lẹ ti mú un. Ẹ mọ̀ pé aago méjìlá ni wọ́n ń bọ̀ wá mú mi."

"Mo fẹ́ sọ, ọmọ mi."

"Ẹ ò ní sọ."

Tiziano kò lè wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà, òun gan-an ló yí orí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ornella ju òkú lọ.

Righi mú un lọ. Níwájú fọ́tò Ivano, àgbàlagbà náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun dúró díẹ̀. Ó tún òdòdó náà tò, wọ́n sì jáde. Láti ojú fèrèsé, àwọn tó kù gbọ́ ọkọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba tó ń bọ̀ láti géètì, ọkọ̀ elépo, ó ń dún kíkan.

Lidia lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá ẹ̀wọ̀n náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó bà á, ó sì fà á títí fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi padé. Ṣùgbọ́n kùrukùru ti wọlé ná, kò sì rí ibi tí yóò gbà jáde.